Òdòdó Olóòórùn Kànáfùrù
(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àpéjọ ẹ̀ka ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì)

  Akọ̀wé wa ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ọgbà. Mo rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín: èmi tí mo máa ń sá fún iṣẹ́ oko lọ́jọ́ Sátidé nílé ẹ̀kọ́! Kò burú. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ wá gbọ́.

Òdòdó tí mo bá wá ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pink. Dianthus ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Kì í ga rárá, ó máa ń tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, kì í sì í wọ́wé nígbà òtútù. Bí ẹ bá dúró tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí oòrùn ràn, òórùn kànáfùrù ni ẹ ó gbọ́. Kì í ṣe àfiwé lásán o. Èròjà tí wọ́n ń pè ní eugenol wà nínú òórùn àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ṣí àpótí aṣọ ìyá mi.

Baálé mi, tí púpọ̀ nínú yín jọ kàwé, ló gbìn ín síwájú ilé wa ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ ará àdúgbò wa ti da kọnkéré sí iwájú ilé wọn kí wọ́n lè rí ibi gbé mọ́tò sí. Òun ní òun ò ṣe. Ó ra mẹ́fà nínú irú tí ń jẹ́ Doris, aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí àárín rẹ̀ pọ́n ju etí lọ. Kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi fọwọ́ kan ara wọn.

Nígbà tó di olóògbé, mo ní màá tọ́jú òdòdó rẹ̀ dáadáa. Ẹ wá gbọ́ ìtọ́jú tí mo ṣe! Mo ń bomi rin ín láràárọ̀ bí ẹni gbin ewédú, mo sì da ìgbẹ́ ẹṣin bò ó mọ́lẹ̀. Kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, márùn-ún ti jẹrà. Ẹyọ kan ló kù, òun náà sì ti pá láàárín. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sunkún bí ọmọdé.

Ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ń gbé ní òdìkejì pópó, ló rí mi. Ohun tó kọ́ mi ni mo fẹ́ kọ́ yín.

Àkọ́kọ́, ìyà kì í pa òdòdó yìí, ìkẹ́ ló ń pa á. Orí àwọn òkè olókùúta ẹfun ní ilẹ̀ Yúróòpù ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń hù. Ó fẹ́ oòrùn, ó kéré tán wákàtí mẹ́fà lóòjọ́, àti ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ amọ̀ bíi tèmi, ẹ po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn dáadáa, kí ẹ sì mú un ga díẹ̀ bí ebè. Bí ilẹ̀ bá kan, ẹ bu láìmù ọgbà díẹ̀ sí i. Ìyẹ̀fun funfun ni mo ń wí, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́ o! Ìgbẹ́ ẹran, rárá. Tí ó bá ti fìdí múlẹ̀, ọ̀dá gidi nìkan ló ń béèrè omi.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ béèrè irú tí ẹ ń rà. Mrs Sinkins gbajúmọ̀, ó funfun, òórùn rẹ̀ kò láfiwé. John Sinkins, alábòójútó ilé àwọn aláìní ní Slough láyé Ọbabìnrin Victoria, ló fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́, àwọn ará Slough sì fi òdòdó náà sínú àmì ìlú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń tanná. Montagu Allwood ti Sussex ló fi pink àtijọ́ pọ̀ mọ́ carnation tí ń tanná léraléra, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Ìdílé yẹn ni Doris ti wá. Ó ń tanná lóṣù kẹfà, bí ẹ bá sì gé igi òdòdó tó ti rọ kúrò, á tún tanná títí di ìgbà tí òtútù bá wọlé. Bí ẹ kò bá gé e, ẹ má retí ẹ̀ẹ̀kejì.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ẹ tó gbìn ín, ẹ hú gbogbo koríko tigbòǹgbò tigbòǹgbò. Á bo ilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè bá koríko líle jà. Ẹ fi bí 30 sẹ̀ǹtímítà sáàárín ọ̀kan àti èkejì, ẹ má sì rì í jìn.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ìdí rẹ̀ á di igi, àárín rẹ̀ á pá. Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Hóró rẹ̀ kì í sì í bí ọmọ tó jọ ìyá. Gígé la ń gé e gbìn, bí igi ẹ̀gẹ́. Lóṣù kẹfà tàbí ìkeje, ẹ wá ẹ̀ka tí kò ní òdòdó, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10. Ẹ gé e lábẹ́ oríkèé, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ fi í sí etí ìkòkò tí yanrìn àti ilẹ̀ ọgbà wà nínú rẹ̀ lọ́gbọọgba. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò ti ní pa á. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, á ti ta gbòǹgbò.

Méjìlá ni ìyá yẹn bá mi gé lára ẹyọ kan tó kù. Mẹ́sàn-án yè. Ìyá tí a gé wọn lára rẹ̀ kú lọ́dún yẹn gan-an. Bí a bá ti fi í dọ̀la ni, ó ti tán nìyẹn. Àwọn àgbà ló ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Wọn ò sọ pé kí á dúró kó kú tán kí á tó wá ọmọ.

Ẹ máa gbé e lọ sílé o, àmọ́ ẹ má gbé e lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó. Ooru àti òjò ọ̀hún á mú un jẹrà. Ìkòkò kéékèèké ogún wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ọmọ àwọn tí baálé mi gbìn ni gbogbo wọn. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, kò sówó. Ẹ̀yin tí ẹ kò lè wá, tí ẹ ń ka èyí nílé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mú un lóṣù keje ọdún tó ń bọ̀. Tirẹ̀ á ti tó gé. Bí tèmi bá sì kú, màá wá tọrọ lọ́wọ́ yín.