Apá Ibo Ni Ayé Ń Yí Sí?

Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí àwòrán ayé tí ń yí bí òkòtó tí ọmọdé ta, èyí tí olùkọ́ lè fi kọ̀ǹpútà ṣe fúnra rẹ̀. GIMP ni orúkọ ètò tí a ó lò. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley, Spencer Kimball àti Peter Mattis, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1995. Ọ̀fẹ́ sì ni títí di òní.

Máàpù pẹlẹbẹ ni a ó kọ́kọ́ wá, irú èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì gíga rẹ̀. NASA ní irú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣe lo máàpù Mercator tí a sábà ń gbé kọ́ ara ògiri kíláàsì, níbi tí Greenland ti tóbi tó Áfíríkà, nígbà tí Áfíríkà fi ìlọ́po 14 tóbi jù ú lọ! Bí etí máàpù bá ní àlà funfun, ẹ gé e kúrò, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìlà funfun kan yóò la Òkun Pàsífíìkì já.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí Filters, kí ẹ yan Animation, kí ẹ sì yan Spinning Globe. Ètò náà yóò bi yín pé àwòrán mélòó ni ẹ fẹ́. Ẹ kọ 24, nítorí pé dígírì 360 tí a pín sí ọ̀nà 24 jẹ́ 15, ìyẹn ìwọ̀n tí ayé ń yí ní wákàtí kan.

Níbí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àyè kékeré kan wà níbẹ̀ tí a kọ "Turn from left to right" sí. Bí a kò bá yàn án, ayé yóò máa yí sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́bàá ráńdábáòtù Ìwó Road rí mọ̀ pé láti òsì sí ọ̀tún ni ọkọ̀ tó súnmọ́ wa ń gbà kọjá, nítorí pé láti oṣù kẹrin 1972 ni a ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Bí àríwá bá wà lókè, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ayé ń yí, láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Ìdí nìyí tí oòrùn fi ń yọ láti ọ̀nà Ifẹ̀, tí àwọn ará Ifẹ̀ sì ń rí i ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ṣáájú wa ní Ìbàdàn. Ọmọ tí a fi ayé tí ń yí sẹ́yìn hàn, báwo ni a ó ṣe ṣàlàyé òwúrọ̀ fún un?

Ẹ fi iṣẹ́ náà pamọ́ gẹ́gẹ́ bí GIF, kí ẹ yan "As animation" àti "Loop forever". GIF, tí CompuServe gbé jáde ní 1987, kò gbà ju àwọ̀ 256 lọ, ṣùgbọ́n kí ni òkun àti ilẹ̀ fẹ́ fi èyí tó jù bẹ́ẹ̀ ṣe? Fún àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ jẹ́ kí àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, kí ayé lè lo ìṣẹ́jú àáyá 12 láti yí po, kí wọ́n sì ráyè nàka sí Nàìjíríà bó ṣe ń kọjá.