Owó Máìlì Kì Í Ṣe Owó Oṣù

Kò sí àgbẹ̀ kan tí kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iṣu jíjẹ àti èèbù. Bí ebi tilẹ̀ ń pa àgbẹ̀ tí ó gbọ́n, kì í fọwọ́ kan èèbù tí ó tọ́jú sí abà, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá jẹ èèbù rẹ̀ lónìí, ebè rẹ̀ yóò ṣófo ní àmọ́dún. Irú ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó wà láàárín owó oṣù òṣìṣẹ́ àti owó máìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò kà á sí.

Owó máìlì ni owó tí ilé-iṣẹ́ ń san padà fún òṣìṣẹ́ tí ó fi ọkọ̀ tàbí alùpùpù ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́. Kìlómítà ni a fi ń ka ọ̀nà ní Nàìjíríà nísinsìnyí, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ náà kò tíì parẹ́. Níbikíbi tí a bá ti ń san irú owó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kan wolé-wolé tí ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó kan nọ́ọ̀sì tí ń bẹ àwọn aboyún wò, ó sì kan òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tí ń tọ àwọn àgbẹ̀ lọ sí oko. Ó kan aya, ọkọ àti ọmọ wọn pẹ̀lú, nítorí inú àpò kan náà ni owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé ti ń jáde.

Kí ni owó náà wà fún? Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ yóò dáhùn pé owó epo bẹntiróò ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2002 ni òfin owó-orí ti gbà pé kí ilé-iṣẹ́ lè san 20 pẹ́ńsì lórí máìlì kan fún òṣìṣẹ́ tí ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ ṣe iṣẹ́, láìgba owó-orí lórí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere kì í mu epo. Ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ ń jẹ, ṣéènì rẹ̀ ń gbó, òun fúnra rẹ̀ sì ń darúgbó. Ní Amẹ́ríkà, iye tí ilé-iṣẹ́ owó-orí ìjọba fi lélẹ̀ fún ọkọ̀ ní ọdún 2025 ni 70 sẹ́ǹtì lórí máìlì kan. Nínú 70 yìí, 33 ni wọ́n kà sí iye tí ọkọ̀ náà fi ń dín kù bí ó ti ń gbó. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ohun tí ó dà bí èrè lójú òṣìṣẹ́ kì í ṣe èrè rárá. Ara ọkọ̀ rẹ̀ ni a ń san fún un díẹ̀díẹ̀.

Bí a bá fi wolé-wolé kan ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ náà yóò yé gbogbo ènìyàn. Ká ní ó ń fi alùpùpù rẹ̀ rin 400 kìlómítà fún iṣẹ́ lóṣooṣù, tí a sì ń san 60 náírà fún un lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Owó máìlì rẹ̀ jẹ́ 24,000 náírà. Bí alùpùpù náà bá ń fi lítà epo kan rin 40 kìlómítà, lítà 10 ni yóò lò. Bí lítà kan bá sì jẹ́ 1,000 náírà, epo gba 10,000. Wolé-wolé yìí rí 14,000 tí ó ṣẹ́kù, inú rẹ̀ sì dùn. Ó fi ra ẹran, ó fi dá aṣọ ẹbí, ó sì sọ fún aya rẹ̀ pé Ọlọ́run ti bùkún owó oṣù àwọn.

Ní ọdún kẹta, táyà méjèèjì gbó, ẹ́ńjìnnì sì kú. Mẹkáníìkì dá iye tí yóò gbà, wolé-wolé kò sì ní in. Ó lọ yá owó èlé. Nígbà tí èlé dé, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni ó fi san án. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Kì í ṣe pé owó kò tó ọkùnrin náà. Èèbù ni ó jẹ.

Bí ó bá jẹ́ pé ó pín 14,000 náà dáadáa, ìbá mú 4,000 fún ọ́ìlì àti àtúnṣe kéékèèké, 5,000 fún táyà àti ṣéènì, àti 5,000 fún ọjọ́ tí alùpùpù náà yóò kú. Ní ọdún mẹ́ta, 5,000 lóṣooṣù di 180,000 náírà. Ẹni tí ó ní iye yìí nílẹ̀ kò ní sáré tọ olówó èlé lọ.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Èkíní, kí ó ya owó máìlì sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé, ìbáà ṣe nínú kóló, ìbáà ṣe nínú ìwé ìfowópamọ́ mìíràn ní báńkì. Lẹ́yìn ìrìn-àjò ni a máa ń san owó náà, ó sì lè pẹ́ kí ó tó dé. Nítorí náà, kí ó kọ́kọ́ kó owó epo oṣù kan jọ síbẹ̀, kí ó má baà máa fi owó gàárì ra epo. Bí ó bá sì ti mú nínú owó oúnjẹ, inú owó oúnjẹ ni kí ó dá a padà sí ní ọjọ́ tí owó máìlì bá dé. Gbèsè tí a san padà kì í ṣe ọrọ̀ tuntun.

Èkejì, kí ó ní ìwé kékeré kan. Kí ó kọ ọjọ́, ibi tí ó lọ, iṣẹ́ tí ó lọ ṣe, àti iye tí aago alùpùpù kà nígbà tí ó jáde àti nígbà tí ó dé. Kí ó tọ́jú rìsíìtì epo àti ti àtúnṣe. Kí ó má ṣe fi ọ̀nà ọjà tàbí ọ̀nà òde ìgbéyàwó kún un. Olè ni ẹni tí ó bá kọ ọ̀nà tí kò rìn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá rin ọ̀nà tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ ń ja ara rẹ̀ lólè.

Ẹ̀kẹta, kí ó máa ṣírò owó náà lákọ̀tun bí iye epo bá yí padà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo ti dópin. Lítà tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ di 488 náírà ní àwọn ilé-epo NNPC ní Èkó kí oṣù náà tó parí. Òṣìṣẹ́ tí owó máìlì rẹ̀ kò yí padà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi owó oṣù rẹ̀ gbọ́ bùkátà iṣẹ́, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ẹni tí ó ní ìwé lọ́wọ́ lè gbé e síwájú ọ̀gá rẹ̀, kí ó sì fi ọ̀wọ̀ bèèrè àfikún. Ẹni tí kò ní ìwé, ariwo lásán ni yóò máa pa.

Kí tọkọtaya jókòó papọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí owó bá wọlé, kí wọ́n sì ka owó oṣù sí ọ̀tún, kí wọ́n ka owó máìlì sí òsì. Ti ọ̀tún ni ti ìdílé. Ti òsì, alùpùpù ni ó ni ín, títí di ọjọ́ tí òun náà yóò bèèrè fún ẹ̀tọ́ rẹ̀.