Ohun Tí Ó Wà Lábẹ́ Ilẹ̀ Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, ní Gbọ̀ngán)

Ẹgbẹ́ ní kí á sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ilẹ̀ wa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààlà ni a mú wá. Ohun tí ó wà nísàlẹ̀, tí ojú kò rí, ni a fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò. Nítorí ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ rántí eré àwọn ọmọdé. Wọn a yọ mágínẹ́ẹ̀tì inú rédíò tí ó ti bàjẹ́, wọn a so ó mọ́ okùn, wọn a sì máa wọ́ ọ lórí iyanrìn. Bí wọ́n bá gbé e sókè, iyanrìn dúdú a ti lẹ̀ mọ́ ọn. Irin ni ó wà nínú iyanrìn náà. Òkúta tí ó ní irú irin bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú. Ó pọ̀ níbì kan, kò sì tó nǹkan níbòmíràn.

Ayé fúnra rẹ̀ dà bí mágínẹ́ẹ̀tì ńlá. Òun ni ó ń mú kí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kọjú sí àríwá. Ohun èlò tí ń wọn agbára yìí ni wọ́n ń pè ní mágínẹ́tómítà. Bí a bá gbé e kọjá lórí òkúta tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, iye tí ó ń kọ yóò yí padà. Èkejì rẹ̀ ni gírafímítà. Ẹ wo ìwọ̀n tí a ń fi àpò kòkó kọ́: bí ẹrù bá ti wúwo tó ni sípíríǹgì rẹ̀ ṣe ń nà tó. Nínú gírafímítà, ẹrù kékeré kan náà ni ó máa ń wà. Ilẹ̀ tí ń fà á ni ó ń yàtọ̀. Níbi tí òkúta ìsàlẹ̀ bá ti ki tí ó sì wúwo, ilẹ̀ a fà á díẹ̀ sí i. Ìyàtọ̀ tí ohun èlò náà lè fi hàn lè kéré tó ìdá kan nínú 100,000,000.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìmọ̀ òkè òkun nìkan ni èyí. Ní ọdún 1957 sí 1958, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pa ọwọ́ pọ̀ ṣe àyẹ̀wò ayé, Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti ń wọn agbára yìí. Ní agbègbè ayé tiwa, iná mànàmáná kan ń ṣàn ní òfurufú lọ́sàn-án, ní nǹkan bí 100 kìlómítà sókè, ó sì ń mú kí agbára náà yí padà láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Cyril Onwumechili, tí ó ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, ni ó di gíwá Yunifásítì Ifẹ̀, níbí tí kò jìnnà sí wa, ní ọdún 1979.

Láàárín ọdún 2003 sí 2009, ìjọba àpapọ̀ mú kí ọkọ̀ òfurufú gbé mágínẹ́tómítà káàkiri Nàìjíríà, ní nǹkan bí 80 mítà sókè ilẹ̀, kí ìlà ìrìnnà kan tó 500 mítà sí èkejì. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wúlò púpọ̀ láti wá irin. Ṣùgbọ́n wúrà kì í lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ Ṣẹ́gílọlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa wúrà ní ìhà Iléṣà ní ọdún 2021, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fò sókè bí wọ́n bá rí àlejò tí ó gbé ohun èlò wọ oko. Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ fún ara wa: ohun èlò yìí kì í rí wúrà, ìyàtọ̀ ni ó ń rí. Ìyàtọ̀ náà lè jẹ́ òkúta lásán. Páànù òrùlé, ọkọ̀ tí ó dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, tàbí wáyà iná pàápàá lè dá a sílẹ̀. Àfi bí a bá gbẹ́ ilẹ̀, tí a sì yẹ òkúta wò, ni a tó lè mọ ohun tí ó jẹ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín fún. Èkíní, kí ìdílé kankan má ṣe ta oko kòkó bàbá rẹ̀ nítorí ariwo ohun èlò. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àlejò. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ó fi ohun èlò kejì sí ojú kan láti máa ṣọ́ àyípadà ọjọ́, tàbí bóyá ó ń padà wá wọn ibì kan náà. Ẹni tí kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé. Lóòótọ́, òfin ọdún 2007 fi ohun àlùmọ́ọ́nì sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó sọ pé kí ẹni tí ó gba àṣẹ ìwakùsà tó bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bá àwọn ará ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè. Èkejì, kí ẹgbẹ́ wa gba àwòrán tí ọkọ̀ òfurufú yẹn yà nípa ilẹ̀ wa, kí ó sì wà níbi tí ará ìlú lè ti rí i. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi ràn wá lọ́wọ́ láti rán àwọn ọmọ wa lọ kọ́ ìmọ̀ yìí ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀.

Bí àlejò nìkan bá mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, àlejò ni yóò máa dá owó lé e. Gbọ̀ngán yóò máa tẹ̀ síwájú. Àṣẹ.