Òrùlé Tó Ń Jò, Ògiri Tó Ń Bu: Bí Omi Ṣe Ń Ba Ilé Jẹ́ Láìpariwo

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ètò wa lọ́sẹ̀ yìí nìyí, a kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tó fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, àti ẹ̀yin tí dátà kì í tó.

Ẹ̀yin tó ti ń bá wa bọ̀ ti mọ̀ pé Ìṣẹrì Olówóra ni mò ń gbé, iṣẹ́ káfíńtà òrùlé ni mo sì ń ṣe. Lónìí, mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa òrùlé tó ń jò. Ẹ má sọ pé kí lẹ fẹ́ gbọ́ nípa ìyẹn, pé bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ ó gbé síbẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kì í tún òrùlé ṣe.

Adúgbò wa yìí, omi kò jìnnà sí i. Odò Ògùn wà nítòsí wa. Ìtàn kan láàárín àwọn Àwórì sọ pé Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀lé àwo kan lójú odò, Ìṣẹrì ni àwo náà sì rì sí. Wọ́n ní “àwo rì” yẹn ló di Àwórì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí Odò Ògùn kún ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, tí omi wọ ilé àwọn ará Àjegúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, gbogbo ayé ló gbọ́. Àgbàrá tó wọlé máa ń wọ inú ìròyìn. Ṣùgbọ́n omi tó ń kán tó, tó, tó láti òkè àjà, oníròyìn kankan kò ní wá ya fọ́tò rẹ̀. Òun ló sì ń ba ilé púpọ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ tó mìlímítà kan lórí ibi tó jẹ́ mítà kan ní ìbú àti mítà kan ní gígùn, lítà omi kan gééré ni. Ẹ wá mú ilé tí òrùlé rẹ̀ bo mítà 10 ní ìbú àti mítà 10 ní gígùn. Bí òjò 50 mìlímítà bá rọ̀ sí i, lítà 5,000 ló bọ́ sórí rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ọ̀nà 200 nìyẹn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, òjò tó rọ̀ l'Ékòó lé ní 200 mìlímítà. Òrùlé kan náà yóò gbà ju kẹ́ẹ̀gì 800 lọ lọ́jọ́ yẹn. Bí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún omi yẹn bá rí ihò gbà wọlé, kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ lẹ rọ sórí àjà yín.

Ibo ni omi ń gbà wọlé? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Páànù náà fúnra rẹ̀ kì í sábà kọ́kọ́ lanu. Ìṣó ni. Abẹ́ orí ìṣó kọ̀ọ̀kan ní wọ́ṣà rọ́bà tó ń dí ihò. Oòrùn á máa jó o, páànù á máa fẹ̀ ní ọ̀sán, á sì máa sún kì ní òru, títí rọ́bà á fi gbẹ, tí á là. Èkejì ni ibi tí páànù méjì ti gun ara wọn: bí ẹni tó kàn án bá ṣahun, tí kò jẹ́ kí wọ́n wọnú ara wọn tó, atẹ́gùn á ti omi wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àfonífojì òrùlé, níbi tí ìhà méjì ti pàdé tí omi ń ṣàn sọ̀kalẹ̀. Ewé á kún ibẹ̀, omi á dúró, á sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni párápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ògiri kúkúrú tí wọ́n ń gbé yí òrùlé ká kí ilé lè rí bíi ti olówó. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n ó ti sọ òrùlé di agbada. Gọ́tà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni omi lè gbà jáde. Náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà kan ṣoṣo tó bá dí ẹnu páìpù, omi á gòkè, á wọ inú ilé. Ẹ̀karùn-ún wá jẹ́ tuntun: sólà. Láti ìgbà tí epo ti wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé ló ti gbé sólà sórí. Ẹni tó mọ iná kò fi dandan mọ òrùlé. Á lu ihò, á tẹ páànù mọ́lẹ̀ bó ṣe ń rìn, á gba owó rẹ̀, á lọ. Ẹni tó de díìṣì náà ńkọ́? Òun náà lu tiẹ̀.

Nígbà tí omi bá wọlé, kì í bọ́ sílẹ̀ gbọọrọ. Á tẹ̀lé igi òrùlé lọ, á gba ara wáyà, á rìn títí yóò fi rí ibi tó rẹlẹ̀, ibẹ̀ ni á ti wá kán. Ìdí nìyí tí ibi tí sílíǹ ti pọ́n rúsúrúsú bí àmì tíì kì í fi í sábà jẹ́ abẹ́ ihò gan-an. Ó lè jìnnà sí ihò ní mítà méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bá gun òkè tó kàn fi ọ̀dà títì dí ọ̀gangan ibi tí àmì náà wà, ó ti fi ọ̀dà rẹ̀ ṣòfò. Ẹ wọ inú àjà lọ́sàn-án, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tẹ̀lé ipa omi lára igi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Òkè ni ẹ ó ti rí ihò.

Omi náà kò ní dákẹ́ síbẹ̀. Igi tó ń tutù tó ń gbẹ, tó ń tutù tó ń gbẹ, á jẹrà, ìṣó á tú lára rẹ̀. Sílíǹ á mu omi, á wúwo. POP tó mu omi lè já lu ẹni tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Bí omi bá sì ti kan wáyà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí omi tó ń kán láti ibi gílóòbù tàbí fáànù, ẹ má fọwọ́ kan suíìṣì ibẹ̀. Bí ojú ibi tí a ti ń pa iná gbogbo ilé bá gbẹ, ẹ pa á níbẹ̀, kí ẹ pe oníná.

Ní báyìí, a dé orí èyí tó ń jà jù. Ẹ mọ bí búrẹ́dì ṣe ń bu tó bá ti pẹ́, tí nǹkan dúdú tàbí aláwọ̀ ewé á hù lára rẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń hù lára ògiri tó tutù. Òyìnbó ń pè é ní mould, èmi á máa pè é ní ìbu. Ìbátan olú ni. Irúgbìn rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò rí i, ó sì wà nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo. Omi nìkan ló ń dúró dè. Péǹtì, igi, páálí, fóòmù, aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, oúnjẹ ni gbogbo wọn jẹ́ fún un. Bí ohun tó tutù kò bá gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48, ìbu ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 2009 lórí ọ̀rinrin àti ìbu inú ilé. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ikọ́, èémí tó ń hu fín-ín, àti ásímà wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó rí ìbu ni yóò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ọmọdé, àgbàlagbà àti alásímà ni ìyà rẹ̀ ń kọ́kọ́ jẹ.

Ní ìlú Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ẹni tí òfin yàn láti ṣèwádìí ikú rẹ̀ sọ pé ìbu inú fúláàtì wọn ló fa àìsàn èémí tó pa á. Láti ọdún 2017 ni bàbá rẹ̀ ti ń fẹjọ́ sùn. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé kó kun péǹtì bò ó. Ikú ọmọ náà ló bí òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, tó sì fún àwọn tó ń fi ilé ìjọba àti ilé àwọn àjọ aláàánú háyà níbẹ̀ ní gbèdéke ọjọ́ láti wá wo ilé kí wọ́n sì tún un ṣe. Ẹ̀yin ẹbí wa tó wà lọ́hùn-ún, ẹ mọ̀ ọ́n.

Péǹtì yẹn náà ni wọ́n ń dá lábàá níbí. Ìyá ọmọ mẹ́ta kan ní àdúgbò wa fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Láńdílọ́ọ̀dù ní àwọn ọmọ mi ló ń da omi sílẹ̀ tí ògiri fi ń dúdú. Ó ní kí n ra péǹtì. Èyí àbíkẹ́yìn kì í sì í sùn lóru mọ́ nítorí ikọ́.” Mo ní, “Màmá, ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sọ fún dókítà pé ògiri yàrá yín ń bu. Ẹ má rà péǹtì kankan.” Ọjọ́ kejì ni mo lọ síbẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi ń gbà dé ara ògiri. Omi òkè ń bọ̀ láti òrùlé: àmì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ lókè, á sì burú sí i lẹ́yìn òjò. Omi ìsàlẹ̀ ń fà láti inú ilẹ̀ gòkè: ẹsẹ̀ ògiri ló ti ń bẹ̀rẹ̀, péǹtì á máa bó, ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ á máa yọ níbẹ̀. Ó pọ̀ ní ibi tí ilẹ̀ ti rẹ̀ bíi tiwa. Ẹ̀kẹta ni omi inú: oruku ìkòkò, aṣọ tútù tí a sá sínú yàrá, fèrèsé tí a kì í ṣí. Bí ọ̀kan kò bá hàn kedere, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ náílọ́ọ̀nù mọ́ ògiri fún ọjọ́ méjì, kí ẹ dí etí rẹ̀ dáadáa. Bí omi bá wà lójú náílọ́ọ̀nù tó kọjú sí yàrá, afẹ́fẹ́ inú ilé ló ní i. Bó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, inú ògiri ló ti ń bọ̀.

Ní ti ìyá yẹn, òkè ni àmì ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́bàá párápẹ́ẹ̀tì. Mo gun òkè, mo bá gọ́tà tó kún fún ewé àti ẹrẹ̀, koríko ti hù nínú rẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀. Ìyá náà fi han láńdílọ́ọ̀dù. Bàbá wò ó títí, wọ́n ní, “Ṣé orí ilé mi nìyí?” Wọ́n jẹ́ kí a gbá gọ́tà, a tún ẹnu páìpù ṣe, a sì pààrọ̀ ìṣó tó ti là. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni ògiri tó gbẹ, kí a tó fọ̀ ọ́. Ọmọ náà ṣì ń lọ rí dókítà. Ikọ́ rẹ̀ ti dín kù.

Ẹ̀yin ayálégbé, Òfin Ilé Gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 fi àtúnṣe ìta ilé sí ọrùn onílé, àyàfi bí ìwé àdéhùn yín bá sọ nǹkan mìíràn. Nítorí náà, ẹ ka ìwé yín. Ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú ọjọ́ lórí rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún onílé tàbí kẹatékà. Bí ọ̀rọ̀ bá di ìjà, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó. Wọn kì í gba owó láti bá yín parí rẹ̀. Ẹ̀yin onílé, ẹni tó ń san owó ilé fún yín kọ́ ló ń ba ilé jẹ́ tó bá sọ pé ó ń jò. Ó ń bá yín ṣọ́ ọ ni.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ ìbu, ẹ kọ́kọ́ dí ọ̀nà omi. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, kí alásímà má ṣe iṣẹ́ náà. Ọṣẹ àti omi pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó fún ògiri líle. Bí ẹ bá lo Hypo, ẹ má pò ó mọ́ ọṣẹ ìfọ ṣáláńgá tàbí ohunkóhun mìíràn, nítorí èéfín tó máa jáde lè pa ènìyàn lára. Fóòmù àti sílíǹ tó ti bu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wọn dà nù. Jẹ́ kí ògiri gbẹ dénú kí péǹtì tó kàn án. Péǹtì tí a kùn lé ìbu, aṣọ tí a fi bo egbò ni.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn: òjò l'Ékòó máa ń dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, kó tó padà ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Àárín ìdáwọ́ yẹn ni kí ẹ gbá gọ́tà, kí ẹ wo orí ìṣó, kí ẹ sì pe káfíńtà. Ẹ má gun páànù tútù o. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oní-sólà bí yóò ṣe dí ihò tó lù, kó tó lù ú.

Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ fi ohùn ránṣẹ́. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí àárín pálọ̀ ní gbogbo ìgbà tí òjò bá ṣú, ẹ fi èyí ṣọwọ́ sí i. Ó dìgbà kan ná. Òrùlé wa kò ní wó lé wa lórí o.