Mọ Àdúgbò Kí O Tó Ra Ilé ní Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo gbé wá bá yín lónìí. Àwọn àgbà a máa sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi ní tèmi fẹ́ sọ pé àdúgbò ni ó yẹ kí a wò kí a tó ra ilé. N óò sì sọ ohun tí ó kọ́ mi lọ́gbọ́n náà fún yín.

Ọkùnrin kan wà tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n, nítorí pé agbo-ilé kan náà ni ìyá tèmi àti ìyá tirẹ̀ ti wá. Tíṣà ni. Ọdún 35 ni ó fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó gba owó rẹ̀, ó ní òun kò ní san owó ilé fún ẹnikẹ́ni mọ́. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2010, alágbàtà kan mú un lọ wo ilé kan ní Ìbàdàn. Yàrá mẹ́rin ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán, àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré sí ti àwọn ilé mìíràn tí a ti wò. Kòtò kékeré kan wà lẹ́yìnkùlé tí ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ kan dá kọjá. Kò sí omi nínú rẹ̀ rárá. Èmi gan-an ni mo bá a lọ wò ó, èmi náà sì yin ilé náà. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti san owó.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá kan rọ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ kò ní gbàgbé rẹ̀. Afárá wó, ilé wó, ẹ̀mí tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún sì bá a lọ. Kòtò tí ọmọdé lè dá kọjá yẹn di odò, omi sì dé ojú fèrèsé. Orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò kan ni ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ ti rí ojúmọ́. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò lọ nínú ilé wọn. Ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀yìn wó lulẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyàwó fi ń jẹun bá omi lọ, àwọn ìwé tí ọkọ ti ń kó jọ láti ìgbà èwe rẹ̀ sì di ẹrẹ̀.

Nígbà tí omi fà, a ń kó ẹrẹ̀ jáde. Ìyá àgbà kan tí ń ta ẹ̀kọ ní ìkòríta wá kí wa. Ó wo ilé náà, ó mi orí, ó ní, "Tíṣà, gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀nà odò ni ẹ̀yìnkùlé yẹn. Ẹ ò bi wá." Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò ní etí mi títí di òní. Ìyá yìí kò ju ìṣísẹ̀ ọgọ́ta lọ sí ilé tí a wá rà. A kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, a tilẹ̀ ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a kò sì bi í léèrè ohunkóhun.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ wo Ìbàdàn bí ẹni tí ó fẹ́ ra ilé níbẹ̀. Ẹ fi ọkàn yín bá mi gun Òkè Ààrẹ, níbi tí ilé ìṣọ́ gíga wà tí a kọ́ ní ọdún 1936 fún ìrántí ọ̀gbẹ́ni Bower. Láyípo ni àwọn ará ìlú ń pè é, nítorí pé àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po ni. Bí ènìyàn bá dé òkè rẹ̀, yóò rí i pé òkè pọ̀ ní Ìbàdàn, àti pé láàrin òkè àti òkè, odò ni ó wà: Ògùnpa, Kúdẹtì, Odò Ọ̀nà àti àwọn ọmọ wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá fi ibẹ̀ ṣe ibùdó ogun. Orí òkè ni ó dára fún jagunjagun láti gbé. Àwọn tí ó kọ́kọ́ dé mọ ìdí tí wọn kò fi sùn sí etí odò. Àwa tí a dé kẹ́yìn ni a gbàgbé.

Láti orí Láyípo yìí kan náà, ojú lè rí ìlú mẹ́ta nínú ìlú kan. Èkínní ni ìlú àtijọ́, tí òrùlé páànù rẹ̀ ti pọ́n, tí wọ́n sì fara kan ara wọn. Ibẹ̀ ni Mápó wà, tí gbọ̀ngàn ńlá orí rẹ̀ ti wà láti ọdún 1929. Ibẹ̀ ni Ọjà Ìbà wà, tí ẹnu wa ti sọ di Ọjà'ba. Orúkọ náà ń rán wa létí Ìbà Olúyọ̀lé. Olúkúlùkù olórí ogun ni ó ní agbo-ilé tirẹ̀, tí àwọn ọmọ, ìyàwó, ọmọ-ogun àti àlejò rẹ̀ sì kọ́lé yí i ká. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi jẹ́ ti ẹbí, tí Mọ́gàjí sì jẹ́ olórí ẹbí náà.

Gbígbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ dára púpọ̀. Bí ọmọ rẹ bá ṣubú ní ìta, ìyá mẹ́wàá ni yóò gbé e dìde. Ọjà kò jìnnà. Àgbàlagbà kì í dá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ni ọkọ̀ kò lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ ni àwọn baba wa fi ń rìn nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Ní Ọjẹ́, níbi tí a ti ń ná ọjà aṣọ òkè ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún, ẹni tí ó lọ wo ilé ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà kò tíì mọ òpópónà náà.

Ohun tí ó tún tóbi jù ni pé ilé àtijọ́ kì í ṣe ti ẹnì kan. Inú yàrá ni a sin baba sí nínú òmíràn. Bí ọmọ kan bá yọ́ wá bá ọ ní alẹ́ pé òun fẹ́ ta ilé baba òun, má ṣe yọ̀. Bí olórí ẹbí kò bá sí níbẹ̀, òfin kò ka títà náà sí títà rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá nìkan tà á láìsọ fún àwọn àgbà ìdílé, wọ́n lè lọ bá ilé ẹjọ́ pé kí ó yí i padà. Ẹjọ́ ni ìwọ yóò rà, kì í ṣe ilé.

Ìlú kejì ni èyí tí ọkọ̀ ojú irin àti òwò bí. Ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò ti dà sí Dùgbẹ̀ àti Gbági, tí àwọn àlejò sì ń wá ibi tí wọn yóò gbé. Àwọn Ìjẹ̀bú pọ̀ sí Òkè-Àdó. Orúkọ Èkótẹ̀dó fúnra rẹ̀ sọ fún wa àwọn tí ó tẹ ibẹ̀ dó. Àwọn Hausa ní Sábó láti ọdún 1916. Bí o bá fẹ́ ra ilé ní irú ibi wọ̀nyí, mọ̀ pé òwò ni ìyá àdúgbò náà. Ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ìsàlẹ̀ kí ó máa gbé òkè. Ẹni tí ó ń wá ibi tí yóò ti máa sùn lọ́sàn-án ni kò ní gbádùn rẹ̀.

Ìlú kẹta ni èyí tí ìjọba àti ọ̀mọ̀wé fi okùn wọ̀n. Jẹ́ríkò, Ìyágankú àti Agodi ni ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ní ọdún 1958, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé iṣẹ́ ilé kíkọ́ sílẹ̀, Bódìjà sì jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Agbówó kọjú sí Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, nítorí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó. Bódìjà tí ilé ti dá dúró ní ìdákẹ́jẹ́ ń bẹ, ẹ̀gbẹ́ ọjà tí a ti ń já oúnjẹ àti pákó náà sì ń bẹ. Bí alágbàtà bá pe orúkọ àdúgbò tí ó gbajúmọ̀, sọ fún un pé kí ẹ jọ fi ẹsẹ̀ rìn ín láti ibẹ̀ dé ilé tí ó ń tà. Ẹsẹ̀ rẹ yóò sọ òtítọ́ fún ọ.

Wàyí o, kí ni kí ènìyàn ṣe? Èkínní, má ṣe wo ilé lẹ́ẹ̀kan. Lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde, kí o mọ bí ọ̀nà ti rí. Lọ ní alẹ́, kí o gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìlọta, ti jẹnẹrétọ̀ àti ti ilé ọtí. Lọ ní ọjọ́ ọjà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, lọ nígbà tí òjò ń rọ̀ gidigidi. Mú agboòrùn, wọ bàtà tí o lè tì bọ ẹrẹ̀, kí o sì wo ibi tí omi ń gbà. Wo ara ògiri bóyá ilà omi wà níbẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Ẹ rántí pé ọdún 2011 kọ́ ni àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Odò kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀.

Èkejì, béèrè. Béèrè lọ́wọ́ olóúnjẹ, lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, lọ́wọ́ mẹkáníìkì àti lọ́wọ́ àgbàlagbà tí ń jókòó sí iwájú ilé. Kí wọn dáadáa kí o tó béèrè. Má ṣe bi wọ́n pé, "Ṣé àdúgbò yìí dára?" Ta ni yóò sọ pé àdúgbò òun kò dára? Bi wọ́n pé, "Ní ọdún 2011, ibo ni omi dé?" Bi wọ́n pé, "Ta ni ó gbé ilé yìí kẹ́yìn, kí ló dé tí ó fi kó lọ?"

Ẹ̀kẹta, yọjú sí kànga. Oṣù kẹta ọdún ni kí o wò ó, kì í ṣe oṣù kẹwàá, nítorí kò sí kànga tí kì í ní omi nígbà òjò.

Ẹ̀kẹrin, wá ìdí ìwé. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà ìpínlẹ̀, nítorí náà àṣẹ rẹ̀ ní láti wà nínú títà irú ilé bẹ́ẹ̀. Mú lọ́yà tìrẹ, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà. Mú awọnlẹ̀ tìrẹ, kí ó fi ìwé sọ́fè wé ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Jẹ́ kí lọ́yà rẹ wá orúkọ ilẹ̀ náà nínú ìwé ìjọba. Má ṣe san owó láìsí ẹlẹ́rìí àti rìsíìtì.

Ẹ̀karùn-ún, bí àyè bá gbà ọ́, gba yàrá kan ní àdúgbò náà fún ọdún kan kí o tó ra ilé. Wà á rí ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀, wà á rí òjò rẹ̀. Owó ilé ọdún kan kò tó owó ẹ̀kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi san.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ní ọ̀la, ẹ bi ìyá yín àgbà bí òpópónà yín ṣe gba orúkọ rẹ̀. Nígbà tí òjò bá dá, ẹ mú pẹ́ńsùlù, kí ẹ ya àwòrán ibi tí omi gbà kọjá ní àdúgbò yín. Ẹ tọ́jú ìwé náà. Ó lè jẹ́ pé yín ni àlejò kan yóò bi ní ọjọ́ iwájú.

Ẹ̀gbọ́n mi ti gba ilé sí orí òkè kan báyìí, yàrá méjì péré, owó ilé ni ó sì ń san. Kò ra òmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá fẹ́ ra ilé, òun ni a ń mú dání. Kì í wọ ilé náà lọ́ tààrà. Ìdí olóúnjẹ tí ó wà ní ìkòríta ni ó ń kọ́kọ́ lọ. Yóò ra nǹkan, yóò jókòó, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.