Bí Ẹ̀rọ Ọ́fíìsì Bá Jóná, Ìwé Inú Rẹ̀ Ńkọ́?

 

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá ṣe ti ògiri àti òrùlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dáná sun ilé-ẹjọ́ gíga ti Igbóṣèrè ní Èkó, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2020, ìwé ẹjọ́ àwọn ènìyàn bá a jóná. Ògiri ṣe é tún mọ. Ìwé tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn, ta ni yóò tún un kọ? Agbẹjọ́rò tí ó bá ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́ ni ó lè rí nǹkan gbé kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ilé-ìwé kan wà ní Okokomáíkò tí mo máa ń lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ́fíìsì wọn ní kọ̀ǹpútà mẹ́rin, àti ọ̀kan tí í ṣe ìyá wọn, tí àwọn yòókù ń kó iṣẹ́ sí. Sáfà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é. Máàkì àwọn ọmọ láti ọdún mẹ́ta wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú owó ilé-ìwé tí òbí san àti èyí tí wọn kò tí ì san. Akọ̀wé wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ra háàdì dísìkì ní ọjà Alábà, ní Ọ̀jọ́, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn sáfà, ẹ̀dà sì ń bọ́ sínú rẹ̀ lálaalẹ́. Ọkàn gbogbo wọn balẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, iná mànàmáná tí ó ti lọ dé lójijì, agbára rẹ̀ sì ju bí ó ti yẹ lọ. Ó jó sáfà, ó jó dísìkì tí ó so mọ́ ọn. Ìwé tí wọ́n kọ nípa ohun tí wọn yóò ṣe bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ ńkọ́? Inú sáfà náà ni ó wà! Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́, lẹ́yìn náà mo tọrọ gáfárà.

Kíláàsì tí ó kẹ́yìn ni ọ̀ràn náà dùn jù, nítorí ilé-ìwé gbọ́dọ̀ fi máàkì tí ọmọ ti ń gbà bọ̀ ránṣẹ́ sí WAEC. Olùkọ́ ìṣirò kan ni ó gbà wọ́n. Bàbá náà ń gbé ní Ìbà, wọ́n sì ti máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń kọ máàkì sínú ìwé nóòtì gbé lọ sílé, bí ẹni tí kò mọ̀ pé ayé ti yí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ padà. Ìṣirò nìkan ni ó sì wà níbẹ̀ o. Ní ti àwọn iṣẹ́ yòókù, wọ́n ń tọrọ ìwé ìdánwò àtijọ́ kiri lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Àwọn bàbá wa kì í kó àgbàdo ìgbìn pọ̀ mọ́ àgbàdo jíjẹ. Ẹ̀dà tí ó bá sùn sórí ẹní kan náà pẹ̀lú ojúlówó, ewu kan náà ni yóò pa á. Àwọn olè kan tilẹ̀ wà tí ń ti ìwé inú ẹ̀rọ pa láti òkèèrè, tí wọ́n ń béèrè owó kí wọ́n tó ṣí i. Dísìkì tí a kò yọ kúrò lára sáfà, wọn yóò tì í mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹ ní ojúlówó, ẹ ní ẹ̀dà kan nítòsí, kí ẹ sì ní òmíràn ní àdúgbò mìíràn.

Ẹlòmíràn yóò ní kí a kó gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń wọ́ nílẹ̀ bí ìgbín ní Nàìjíríà. Ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ wà lókè òkun nìkan lọ́jọ́ náà, ẹrù rẹ̀ kò sọnù, ọwọ́ rẹ̀ ni kò tó o.

Ẹ tún bi ara yín pé, iṣẹ́ ọjọ́ mélòó ni a lè tún ṣe láì sunkún? Bí ẹ bá ń ṣe ẹ̀dà ní ọjọ́ Ẹtì nìkan, tí ẹ̀rọ sì kú ní Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ti lọ.

Dísìkì méjì ni ilé-ìwé náà ní báyìí. Ọ̀kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èkejì ń bá bàbá olùkọ́ ìṣirò lọ sí Ìbà ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á sì pààrọ̀ wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ìwé ìlànà wọn wà lára ògiri. Ní sáà tí ó kọjá, mo ní kí wọ́n ṣí ẹ̀dà ti Ìbà lójú mi lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Máàkì kíláàsì kìíní ṣí. Ti èkejì ṣí. Ti ẹ̀kẹta kọ̀. Akọ̀wé kò sọ̀rọ̀. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó dán ti ibẹ̀ wò, ó ṣí. Ó wá mú àpò rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Alábà lọ ra dísìkì mìíràn.