Ẹrẹ̀ Tó Di Òkúta ní Ewékorò

Ní Ewékorò, ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, òkúta mìíràn wà lórí rẹ̀ tó ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Shale ni. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni, ó ti lé ní mílíọ̀nù 50 ọdún.

Ibo ni ẹrẹ̀ náà ti ṣàn wá? Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ wọn èròjà inú rẹ̀. Bí thorium bá pọ̀ ju scandium lọ dáadáa, ara àpáta bíi granite ló ti wá. Bí chromium àti nickel bá pọ̀, ẹ fura sí òkúta dúdú bíi basalt.

Nínú àwọn èròjà inú ẹrẹ̀ náà, èyí tó wú mi lórí jù ni molybdenum: ó máa ń kó jọ sínú ẹrẹ̀ tí ọ́síjìn kò dé.